Ẹ Má Fi Ọjọ́ Náà Bẹ̀rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Fíìmù Ṣíṣe Pẹ̀lú Àwọn Obìnrin Tí Wọ́n Fara Gba Ìwà Ipá

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó síwájú kámẹ́rà wa ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà fún wa." Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìrònú ẹ̀dá ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ti ka ìwé tó pọ̀ lórí ọgbẹ́ tí ìwà ipá ń dá sí obìnrin lọ́kàn. Síbẹ̀, ìbéèrè yẹn ló jáde lẹ́nu mi. Ó dáhùn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú 15 tí ohùn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ẹni tó ń ka ìwé fún ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ dúró sójú kan lára ògiri. A rò pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ni, a sì jẹ́ kí kámẹ́rà máa ṣiṣẹ́ lọ. Kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́ nígbà yẹn. Ó ti padà sínú yàrá tí wọ́n ti lù ú. Nígbà tó parí, ó gba owó ọkọ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò gbé ìpè wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún ṣe bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé kí a má ṣe irú fíìmù yìí o. Ó yẹ kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a ṣe béèrè ọ̀rọ̀, ibi tí a gbé àga sí, ohun tí a gé kúrò àti ohun tí a fi sílẹ̀, àwọn ló ń pinnu bóyá obìnrin yóò kúrò lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ara tó fúyẹ́ tàbí pẹ̀lú ọgbẹ́ tuntun.

Ìmọ̀ tí a ń lò kò tíì dàgbà rárá. Ọdún 1974 ni nọ́ọ̀sì kan, Ann Burgess, àti onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Lynda Holmstrom, kọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tí wọ́n wá sí Boston City Hospital ní Amẹ́ríkà: oorun tí kò wá, ìfòyà, ara tó ń gbọ̀n nígbà tí ewu ti kọjá lọ. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tó kọ PTSD (ọgbẹ́ ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ tó dẹ́rù bani ń dá síni lára) sínú ìwé tí wọ́n fi ń mọ àrùn ọkàn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam bọ̀ ló sì tì wọ́n síbẹ̀ jù. Nígbà tó di 1992, Judith Herman, dókítà ọpọlọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, fi hàn pé ohun tó ń ṣe ọmọ ogun ló ń ṣe ìyàwó tí ọkọ ń lù nínú ilé. Ìpele mẹ́ta ló pín ìwòsàn sí. Ààbò ni àkọ́kọ́. Ìrántí àti ọ̀fọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ènìyàn ń padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sórí. Ìkejì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí obìnrin tí mo ń bi léèrè ṣì ń sùn ní àgbàlá kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tó ń lù ú.

Láti ìgbà náà, kámẹ́rà kì í jáde nínú àpò títí a ó fi mọ ohun mẹ́rin. Níbo ló ń sùn lálẹ́? Ta ló máa ń gbé fóònù rẹ̀ wò? Ṣé ọkùnrin náà mọ̀ pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀? Ṣé ẹjọ́ wà ní kóòtù? Bí ó bá ṣì ń sùn lọ́dọ̀ ẹni tó ń lù ú, a kì í ya fíìmù. A lè bá a wá ibi tí wọ́n ti lè gbà á, kí a sì dúró. Bí ẹjọ́ bá wà ní kóòtù, a kì í béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó bá sọ níwájú wa kò ní bá ohun tó kọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá mu délẹ̀délẹ̀. Agbẹjọ́rò ọkùnrin náà lè ní kí a kó gbogbo ohun tí a yà wá, títí kan èyí tí kò wọnú fíìmù, kí ó sì fi wákàtí tó yàtọ̀ tàbí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tó yàtọ̀ sọ obìnrin náà di òpùrọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àná tàbí ìjẹta ni wọ́n fipá bá a lò pọ̀, fíìmù kọ́ ló kàn. Ilé ìwòsàn ni. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Oògùn tí kò ní jẹ́ kó lóyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120, ṣùgbọ́n bó bá ṣe tètè tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kó má wẹ̀ kó tó lọ, bó bá ṣeé ṣe. Aṣọ tó wọ̀, ẹ fi bébà wé e, ẹ má fi nylon, nítorí nylon ń há ọ̀rinrin mọ́ aṣọ, ẹ̀rí tó wà lára rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti 2013, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ya fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kí ó ti mọ irú ibi bẹ́ẹ̀ ní ìlú tó wà, kí ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kí ó mọ ẹni tó ń dá ìpè lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ tí kò bára mu yẹn, torí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ṣì lóye. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé bí ìtàn bá ń yí padà, ẹnì kan ń purọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọpọlọ to nǹkan bí a ṣe ń to abọ́. Obìnrin lè rántí òórùn bẹ́líìtì kí ó má rántí bóyá òjò rọ̀. Ó lè sọ ẹ̀ẹ̀kẹta ṣáájú ẹ̀ẹ̀kìíní. Ṣùgbọ́n apá kejì wà níbẹ̀ tí àwa tí à ń bi ènìyàn léèrè kì í fẹ́ gbọ́: àwa náà lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi àwòrán ọkọ̀ tó kọlu ara wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 45. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà nínú ìbéèrè wọn. Àwọn tí wọ́n bi pé báwo ni eré ọkọ̀ náà ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n "fọ́ ara wọn" sọ nǹkan bí máìlì 41 ní wákàtí kan; àwọn tí wọ́n ní wọ́n "kan ara wọn" sọ nǹkan bí 32. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò. Nígbà tí mo tún tẹ́tí sí ohùn ara mi nínú ohun tí a yà, mo gbọ́ tí mo ń sọ pé, "nígbà tó gbá yín mọ́lẹ̀ yẹn ńkọ́?" Obìnrin náà kò tíì sọ pé wọ́n gbá òun mọ́lẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ là mí lójú jù níbi yìí ni Janice Haaken, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì nípa ọkàn àti ìrònú ẹ̀dá ní Portland State University ní Amẹ́ríkà, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, tó sì tún ń ṣe fíìmù fúnra rẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1998, ó wọ àárín ìjà ńlá tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà lórí àwọn obìnrin tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tí wọ́n fi ojú àwọn rí ní kékeré. Apá kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, apá kejì ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí gẹ́lẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìtàn obìnrin kì í ṣe ẹrù tó kàn sọ̀ kalẹ̀ fún olùgbọ́; olùgbọ́ ní ọwọ́ nínú bí ó ṣe jáde, torí obìnrin mọ irú ìtàn tí etí tó wà níwájú rẹ̀ ń fẹ́. Haaken ti ṣe fíìmù pẹ̀lú àwọn obìnrin Sàró (Sierra Leone), níbi tí ogun ti jà láti 1991 dé 2002. Ẹni tó bá wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á rí i pé obìnrin tó la ogun kọjá ní ohun púpọ̀ láti sọ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi ara rẹ̀ ṣe: òṣèlú, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ ọmọ, àdéhùn àlàáfíà.

Nítorí náà ni mo ṣe yí ìbéèrè mi padà. Mo ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó dàgbà sí. Mo ń béèrè ohun tó máa ń ṣe kí àwọn ọmọ lè jẹun lọ́jọ́ tí ilé bá gbóná. Mo ń béèrè pé, "Ta ni ẹ kọ́kọ́ sọ fún? Kí ni onítọ̀hún wí?" Ìbéèrè yìí nìkan ń mú ìdajì fíìmù jáde, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ìyá ọkọ tó ní ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́, wòlíì tó ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọlọ́pàá tó ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé, àti ìyá tó bí i lọ́mọ tó ní, "Nítorí àwọn ọmọ rẹ, fara dà á." Èyí tí n kì í béèrè mọ́ láé ni "Kí ló dé tí ẹ kò fi kúrò?" Ẹ̀sùn ni, kódà bí ohùn ẹni bá dùn bí oyin. Mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: "Ká ní ẹ kúrò lọ́jọ́ yẹn, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ìdáhùn á wá máa ya wọlé: owó ilé ọdún méjì tí onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí ẹbí ọkọ kò ní fi sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó wà lórúkọ ọkọ, ọkọ tó ti ní òun á wá a dé ìlú baba rẹ̀.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé obìnrin lè jókòó wákàtí kan kí ó má sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ti South Africa ń gbọ́ ẹ̀rí, púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó wá ń sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ wọn àti ọmọkùnrin wọn, wọn kò dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn fúnra wọn. Ó dé ibi tí ìgbìmọ̀ náà fi ṣètò ìjókòó ọ̀tọ̀ fún àwọn obìnrin ní Cape Town àti Durban ní 1996, àti ní Johannesburg ní 1997. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ wa. Màmá kan lè fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ tí ọkọ lù. Ẹ má já a lẹ́nu. Nígbà mìíràn, ara rẹ̀ ló ń sọ.

Èdè nílò àyè tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù ti ń ṣìnà láìmọ̀. "Ó fipá bá mi lò pọ̀" jẹ́ èdè rédíò, ìwé ìròyìn àti kóòtù. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin ni "ó bà mí jẹ́", "ó fi tipátipá sún mọ́ mi", "ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe." Bí ẹ bá bi ìyàwó ilé pé ṣé ọkọ rẹ̀ fipá bá a lò pọ̀, á ní rárá, ọkọ òun ni. (Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níhà gúúsù, náà kò ka ti ìyàwó mọ́ ọn; VAPP ti 2015, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, ni kò fi irú àyè yẹn sílẹ̀ fún ọkọ.) Bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé ẹ lè sọ pé rárá lálẹ́, kó gbà?" ìdáhùn yóò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó bá mi wí", "ó fọwọ́ kàn mí", "ó nà mí" àti "ó lù mí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Obìnrin kan tí apá rẹ̀ ti kán rí ń sọ pé ọkọ òun "bá òun wí." Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìsàlẹ̀ fíìmù fẹ́ kọ ọ́ pé ó lù ú. A kọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yàn yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé wọ́n ti kọ́ ọ láti ka ìyà sí ẹ̀kọ́. A kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, a sì jẹ́ kí àwòrán apá tí kò nà délẹ̀ mọ́ tẹ̀ lé e.

Ọgbẹ́ ọkàn pàápàá, ara ló ń gbà jáde nínú èdè wa. Ẹ kò ní gbọ́ "mo ní ìbànújẹ́ ọkàn" tó bẹ́ẹ̀. "Àyà mi ń já." "Orí mi ń gbóná." "Nǹkan ń rìn lára mi." "Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ọkàn mi á fò lọ." Mo ti gé irú ọ̀rọ̀ báyìí kúrò rí nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn lásán ni. Òun gan-an ni mo ń wá kiri.

Bí a ṣe ń pe ènìyàn ń ṣí nǹkan payá pẹ̀lú. Àwa Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ, a ń pè é ní Ìyá Lágbájá. Bí obìnrin bá jẹ́ Ìyá Ìbejì ní àdúgbò, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà sì pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di mímọ̀. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, kí òun fúnra rẹ̀ yan orúkọ tí gbogbo yín yóò máa pè é, kí ẹ sì fi í pe ara yín bí ìgbà mẹ́wàá títí yóò fi mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ sì wo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 25 tí kò tíì lọ́kọ kò lè béèrè ọ̀rọ̀ yàrá lọ́wọ́ ìyá ẹni ọdún 60, màmá á kàn rẹ́rìn-ín, á ní "ọmọ mi, ìwọ ṣì kéré." Obìnrin àgbà kan ló ń bá wa jókòó báyìí, òun ló sì ń béèrè ibi tó le.

Ní ti yàrá, ohun kéékèèké ló ń ba nǹkan jẹ́. Kí àga rẹ̀ wà níbi tó ti lè rí ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn má wà ní títì, kí kámẹ́rà má sì wà láàárín òun àti ọ̀nà àbájáde. Lẹ́ńsì 85mm ni mo ń lò, a sì ń jìnnà sí i tó mítà méjì àtààbọ̀, kí ojú rẹ̀ lè kún àwòrán láìjẹ́ pé a gbé ẹ̀rọ tì í lójú. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó. Iná tó ń tàn síni lójú dà bí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ fi téèpù dúdú bo iná pupa tó ń ṣẹ́jú níwájú kámẹ́rà. Máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ, kí òun fúnra rẹ̀ há a. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ, kí obìnrin ló di kámẹ́rà mú, kí ẹnì kan sì wà níta pẹ̀lú àwọn ọmọ, níbi tí etí wọn kò ti lè gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́ wa ní ti ariwo: epo tán nínú rẹ̀, ó dún gbàù kó tó kú, obìnrin tó jókòó sì ti wà lábẹ́ tábìlì kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bátìrì mẹ́ta tó kún la ń gbé lọ báyìí.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ohùn mọ̀ pé a máa ń gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, láti fi dí ibi tí a bá gé. Ìparí ni mo máa ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ ronú nípa rẹ̀: obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó le jù láyé rẹ̀ tán, ẹnì kan ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, wọ́n sì ń wò ó. Kó tó wọlé jókòó rárá ni ká ti gbà á.

Ohun tó ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo ètò wa ni ọwọ́ gbígbé sókè. A ń sọ fún un pé bó bá ti gbé ọwọ́, a ó pa kámẹ́rà, kò sì ní ṣàlàyé ìdí. Sísọ ọ́ lásán kò tó. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tí a ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjà, a ń ní kó dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì pa á lóòótọ́, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Obìnrin yìí ti sọ "ó tó" rí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Kò lè gbà wá gbọ́ nípa ẹnu wa.

Ìṣẹ́jú 40 ni a ń sọ̀rọ̀ kí a tó sinmi. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ẹkún kì í ṣe ewu, ẹ má sì sọ fún un pé kó má sunkún. Ewu ni ohùn tó tẹ́, ojú tó dúró sójú kan, ọwọ́ tó tutù, ìdáhùn tó ń pẹ́ kó tó jáde, ẹ̀rín lórí ọ̀rọ̀ tó ń dunni. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ ọ́ sókè pé ẹ ti pa kámẹ́rà. Ẹ pe orúkọ tó yàn. Ẹ sọ ọjọ́ tí a wà àti ibi tí a wà fún un. Ẹ ní kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ kó mọ̀ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀, kó ka nǹkan márùn-ún tó ń rí nínú yàrá, kó mu omi tútù díẹ̀díẹ̀. Kó fa èémí sínú fún kíkà mẹ́rin, kó mí jáde fún mẹ́fà. Mímí gúlegúle léraléra ń mú òòyì kọ́ni. Ẹ má dì í mọ́ra láìbéèrè. Bó bá ti padà, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn, kódà bó bá ní òun lè tẹ̀ síwájú. Ìwé ìtọ́ni tí àjọ WHO gbé jáde ní 2011 lórí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn sọ ọ́ kedere: wò ó, gbọ́ ọ, so ó mọ́ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Kò ní kí a fipá mú ẹnikẹ́ni ro ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn jẹ́ ti nǹkan ojoojúmọ́: aṣọ, owó tòmátì, ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. A ń jẹun pọ̀. Owó ọkọ̀ àti owó ọjà tó pàdánù lọ́jọ́ náà ni a ń san, iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, ká má baà máa ra ìtàn tó burú jù. A ń pè é ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. A ti jọ fẹnu kò lórí ohun tí a ó sọ bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé fóònù: a máa ń ní aránṣọ rẹ̀ ló ń pè.

Ìyọ̀ǹda, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń gbà á: kí a tó yà, lẹ́yìn tí a yà á, àti lẹ́yìn tó ti wo fíìmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. A ń kà á sókè ní Yorùbá. A ń ya ibi tí a ó ti fi hàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó yan èyí tó fẹ́: gbọ̀ngàn nìkan, tẹlifíṣọ̀n, tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. A kì í fi pa mọ́ fún un pé bó bá ti dórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá wa kò ká a mọ́.

Bíbo ojú kò tó rárá. Ilà ojú, òrùka, bí ènìyàn ṣe ń rìn, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lára ògiri, yúnifọ́ọ̀mù ọmọ tó wà lórí okùn, orúkọ mọ́ṣáláṣí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pè níta, gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ohùn tí a fi ẹ̀rọ yí sísàlẹ̀, ẹlòmíràn lè fi ẹ̀rọ yí i padà sókè. Ọkọ tó sì ti bá a gbé ọdún mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n nípa bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Obìnrin mìíràn ló ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún wa báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ òjìji, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ tàn, kí iwájú rẹ̀ dúdú nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ojú tó kàn ṣókùnkùn díẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fi fóònù tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè kó rí i. Fóònù sì lè kọ ibi tí a ti ya àwòrán pamọ́ sínú àwòrán náà. Nọ́ńbà ni a fi ń pe fáìlì. Háàdì díráìfù méjì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà wà nílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni tó ń ṣe èdítì náà ń gbọgbẹ́. Ó ń gbọ́ igbe kan náà nígbà ogójì. Kó ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé kó tó wò ó, kó dín ohùn kù, kó má ṣe ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́ lórí ibi tó le, kó má sì ṣe é lálẹ́.

Mo fẹ́ fi èyí tó dùn mí jù kún un. Obìnrin kan nínú fíìmù wa sọ pé lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọkọ tún dìde sí òun, òun gbé ọmọ odó, òun sì là á mọ́ ọn léjìká. Kò sí ẹjọ́ kankan nílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì hàn nínú fíìmù. Síbẹ̀, a gé e kúrò. A rò pé àánú rẹ̀ kò ní ṣe àwọn tó ń wò ó mọ́. A fi ibi tó ti ń sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀, a gbé orin sábẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nínú fíìmù ló kọ́kọ́ ń wò ó kí ẹnikẹ́ni tó rí i, nínú yàrá tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó wò ó dópin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ibo ni ibi tí mo ti gbé ọmọ odó wà?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ̀yin náà tún ti bá mi wí. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti wà níbẹ̀."

A yọ orin náà kúrò. A dá ọmọ odó padà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni fíìmù náà ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí.